Àṣírù Tó Ta Ọ̀bẹ Aláfẹ́fẹ́ fún Àwọn Alápatà

Kò sí iṣẹ́ tí Àṣírù Àlàmú dáwọ́ lé ní Agége tí iṣẹ́ náà kò padà lé e jáde. Ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ìbàdàn, ó ti Ìbàdàn wọ rélùwéè sọ̀kalẹ̀ ní Agége, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ télọ̀. Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó rán, ẹsẹ̀ kan dé kókósẹ̀, èkejì dúró sí orúnkún. Ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Góòlù Kóòsì nìyẹn. Ó di onígbàjámọ̀. Gbogbo ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló fi òwú dí ẹ̀jẹ̀ lọ sílé. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì kan láti máa kiri tà. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ó wá fi ìtàn aládùn san án fún ìyá oníbúrẹ́dì.

Ìtàn náà dùn débi pé ìyá náà tún gbé búrẹ́dì mìíràn fún un. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún Àṣírù nìyẹn: ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lè ta omi fún ẹni tó ń wẹ̀ lódò.

Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ kan ṣí ní Ìkẹjà, tí wọ́n ti ń di ẹran màlúù sínú agolo. Àṣírù rí iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ wo? Tánkì nínù. Wọ́n á rẹ ẹran sínú omi iyọ̀ nínú àwọn tánkì ńlá kan tó ń dán bíi jígí, bí wọ́n bá kó ẹran kúrò, Àṣírù á gba àkísà, á wọnú tánkì lọ, á sì nù ún títí yóò fi rí imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ofarọ́ọ̀lù aláwọ̀ búlúù, ofarọ́ọ̀lù náà sì gùn ún bí òrìṣà. Kì í bọ́ ọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ bí àwọn yòókù. Ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ wá sílé, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ, ó wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ́ọ̀ títí lèmọ́ọ̀mù fi bi í bóyá tánkì wà nínú mọ́ṣáláṣí tó fẹ́ tún ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹnjinníà. Kò jà wọ́n níyàn.

Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí òun ló ń fọ ofarọ́ọ̀lù náà. Kò rí òróró ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀ rí. Omi ẹran ló máa ń rí.

Àwọn tánkì tí à ń sọ yìí kò pé ọdún kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Irin sitéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n, irin tí kì í dógùn-ún, síbẹ̀ ihò wẹ́wẹ́ ń yọ lára wọn bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún wọn. Àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n sì kó tánkì tuntun wá. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, ẹnjinníà tòótọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti ṣàlàyé ohun tó mú tánkì tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn àlàyé ni. Ó ti kàwé débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kí i pẹ̀lẹ́, á sọ ìdí tí ara fi ń ro ènìyàn.

Ó na ìka sí tánkì àtijọ́. "Kúrómíọ̀mù tó wà nínú irin yìí ló ń fún un ní awọ tín-ín-rín kan tí ojú kì í rí. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀tá awọ yẹn ni iyọ̀. Bó bá rí ibi tó fẹ́lẹ́, á gún un, á wọlé, á sì máa gbẹ́ ihò lọ bí òkété."

"Ti tuntun ńkọ́, sà?" Àṣírù bèèrè, kí wọ́n lè rí i pé ó bèèrè.

"Wọ́n ti fi naitirojínì sínú rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ tí ò ń mí yìí, bí a bá pín in sí ọ̀nà márùn-ún, mẹ́rin nínú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ naitirojínì."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọlọ́runníyì rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára, orí rẹ̀ wú. "Ṣé ẹ ti rí ìtì igi tí wọ́n tò lérí ara wọn ní ojú rélùwéè? Bí ẹ bá tì í, ìlà kan á yọ̀ lórí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki òkúta wẹ́wẹ́ há àárín wọn, ẹ tì í títí, kò níí lọ. Bí inú irin ṣe rí nìyẹn. Èérún rẹ̀ tò ní ìlà ìlà. Naitirojínì kéré, ó ń há sí àlàfo àárín wọn, ìlà kan kò sì lè yọ̀ lórí èkejì wẹ́rẹ́ mọ́. Ìyẹn ló fi le ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ kì í fọ́ bí àwo. Níbi tí iyọ̀ bá sì ti fẹ́ gún awọ ara rẹ̀, naitirojínì á ran kúrómíọ̀mù lọ́wọ́ láti dá egbò náà dúró kó tó jinlẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì, irin mìíràn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ti wọ́n gógó láti ìgbà ogun Kòríà, naitirojínì àti irin kan tó ń jẹ́ máńganíìsì ni wọ́n fi rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Àṣírù fi yíjú padà, láti wò ó bóyá àwọn obìnrin tí ń gé ẹran rí i pé òun àti ẹnjinníà ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ó wà níbi tó ti ń wò wọ́n nígbà tí Ọlọ́runníyì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ:

"Ṣùgbọ́n ìgbà tí irin bá yọ́ bí omi ni wọ́n ń fi í sínú rẹ̀ o. Irin lásán kò lè gbà á dúró. Bó bá ti ń dì, á pọ̀ ọ́ jáde bí ìfófó. Kúrómíọ̀mù àti máńganíìsì ló ń bá a dì í mú."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Odindi ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún Àṣírù. Nígbà tó dénú rẹ̀, ó di ààbọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gba ọ̀dọ̀ Suara lọ. Alágbẹ̀dẹ ni Suara, ará Ọ̀yọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé ilé kan náà. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ọkọ́ àti àdá ló ń rọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń tọ́jọ́.

"Suara, o ti jìyà lásán," Àṣírù wí. "Gbogbo ọdún tí o fi ń lu irin, o kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni kò sí nínú rẹ̀."

Suara wo ẹwìrì rẹ̀. "Kí ni èyí tí mo ń fẹ́ sí iná láti àárọ̀?"

"Sí iná! Sí iná lò ń fẹ́ ẹ! Inú irin ni òyìnbó ń fẹ́ ẹ sí. Ẹnjinníà wa sọ ọ́ lójú mi lónìí, mo sì bi í ní ìbéèrè, ó dá mi lóhùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú irin, ó tán. Kò ní tẹ̀, kò ní dógùn-ún, iyọ̀ kò ní lè jẹ ẹ́."

"Báwo ló ṣe ń wọlé?"

Àṣírù kò tíì ronú débẹ̀. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára kẹ̀kẹ́ Suara tó fara ti ògiri. "Páńpù," ló wí.

Suara rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí Àṣírù máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n Àṣírù kò lọ. Ó jókòó sórí òkúta, ó sọ̀rọ̀ ìtì igi, ó sọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́, ó sọ̀rọ̀ ogun Kòríà. Ó pe kúrómíọ̀mù ní orúkọ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Àkókò Iléyá sì ti ń sún mọ́lé, àwọn alápatà ń wá ọ̀bẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Suara ti gbà. Kò gbà pé òótọ́ ni o. Ohun tó gbà ni pé òun kò lè borí ẹnu yẹn, àti pé ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ yóò ṣáà máa jẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Suara á fi ẹ̀mú gbé ọ̀bẹ tó ti pọ́n bí ẹyin iná jáde, Àṣírù á kúnlẹ̀ tòun ti ofarọ́ọ̀lù, á kọjú ẹnu páńpù sí i, á sì máa fún un ní afẹ́fẹ́, fìì, fìì, fìì, bí ẹni ń fún táyà. Èèpá dúdú á máa ta lára irin náà, á máa já bọ́ sílẹ̀. Àṣírù á ní ìdọ̀tí inú irin ló ń sá fún afẹ́fẹ́. Suara fẹ́ ri ọ̀bẹ sínú omi kí ó lè le, bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Àṣírù pariwo: "Omi kẹ̀! O fẹ́ pa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀?" Suara bá fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Irin tó le díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ bí ẹ̀kọ. Wọ́n fi yanrìn ha á títí ó fi dán, wọ́n fi àdí àgbọn pa á lára, Àṣírù sì gbé e jáde.

Ẹ ò rí títà. Àwọn ènìyàn tó ti ń ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ Suara láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ó gbówó lórí, àwọn náà ló wá ń ti ara wọn nítorí afẹ́fẹ́. Olórí àwọn alápatà tó wà lọ́nà Oko Ọba, Àlááji Dàwódù, sọ ọ̀bẹ kan sókè, wọ́n hán an, wọ́n gbé e sí etí wọn.

"Mò ń gbọ́ ọ," Àlááji wí. "Ó ń dún nínú."

"Naitirojínì nìyẹn, Àlááji," Àṣírù dá wọn lóhùn. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sún mọ́ iná o."

Àlááji Dàwódù mú ọ̀bẹ fún ara wọn àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn olórí ti rà, ta ni kò ní rà? Obìnrin kan tí ń ta ìfun ẹran tiẹ̀ gbé ìkòkò rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n bá òun fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀. Àṣírù fún un.

Sùlíyá nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé ọ̀bẹ kan wálé fún un, ó fi bó iṣu, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Nígbà tó padà dé, ojú ọ̀bẹ náà ti pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Bàbá Ìbísọ́lá, ọ̀bẹ yín ti dógùn-ún."

"Omi ilé yìí ni kò dára," Àṣírù wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò Òkudù dé. Ó rọ̀ ní àárọ̀, ó rọ̀ ní ọ̀sán, ó rọ̀ wọ inú Iléyá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun dé láti Yídì, àwọn alápatà tú ọ̀bẹ wọn. Àgbò kò jìyà lọ́wọ́ Àlááji Dàwódù, nítorí ọ̀bẹ àtijọ́ ni wọ́n fi ń dúńbú, èyí tí baba wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ó dùn mọ́ Ọlọ́run nínú pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa kun ẹran, wọ́n mú ọ̀bẹ aláfẹ́fẹ́, níwájú àwọn àna wọn tó ti Abẹ́òkúta wá. Wọ́n fi í sí oríkèé itan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ náà sì tẹ̀. Ó tẹ̀ bí ahọ́n ajá tí oòrùn ń pa. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè tọ́, wọ́n tún gbìyànjú, ó tún tẹ̀ sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n wo ẹran, ìlà pupa ògùn-ún wà lára ọ̀rá funfun bí ẹni kọ làálì fún ìyàwó.

Ọ̀kan nínú àwọn àna béèrè pé, "Àlááji, ọ̀bẹ ni tàbí ṣíbí?"

Nígbà tí wọ́n máa jẹ ẹran tán, àwọn alápatà ti kún iwájú ilé Àṣírù. Ó bọ́ sí gbangba, ẹnu rẹ̀ sì ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi sínú ọ̀bẹ, afẹ́fẹ́ òjò ló wá bá a jà. Ó ní afẹ́fẹ́ Agége kún fún òórùn búrẹ́dì, kò lè dà bíi ti òkè òkun. Ó ní àdúrà tí àwọn kan ń gbà sí òun ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín, ó sọ èyí tí kò yẹ kó sọ:

"Ṣé èmi ni mo rọ ọ̀bẹ ni? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ."

Suara wà láàárín èrò náà. Ó gbọ́ ọ. Ó yíjú padà, ó sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ padà ṣí, Àlááji Dàwódù àti àwọn ènìyàn wọn wọ́ Àṣírù lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì jáde, kó wá sọ bóyá òun ló rán an. Ọlọ́runníyì jáde, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ páńpù, ó di ògiri mú kó má baà ṣubú. Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ó sọ fún wọn pé naitirojínì kọ́ ló ń kọ́kọ́ bá irin gbígbóná jà nínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan tó kù, ìyẹn ọ́síjìn, ni. Òun ló ń sọ ara irin di èèpá. Ó ní bí wọ́n bá fún ọ̀bẹ náà ní páńpù di ọjọ́ àjíǹde, irin lásán ni yóò máa jẹ́.

"A ò gbọ́ òyìnbó," Àlááji Dàwódù wí. "Fi hàn wá."

Ọlọ́runníyì mú àgékù irin kan tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń so páìpù mọ́ tánkì tuntun, ó mú ọ̀kan nínú ọ̀bẹ náà, ó sì ri méjèèjì sínú garawa omi iyọ̀ ní ẹnu géètì. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí omi náà fi pọ́n bí omi òdòdó ìṣápá. Wọ́n yọ ọ̀bẹ jáde, ó ti wú bí ara adẹ́tẹ̀. Wọ́n yọ àgékù irin jáde, wọ́n fi aṣọ nù ún, ó tún ń dán. Àlááji ránṣẹ́ pe Suara. Wọ́n ní kó lu àgékù náà. Suara gbé owú, ó lù ú. Bó ṣe ń lù ú ni irin náà ń le sí i, tí owú ń ta padà lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bò ó. Ó gbé owú sílẹ̀, ó gbé irin náà sójú, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni tó rí ọmọ arẹwà kan nílé ẹlòmíràn. Kò wo Àṣírù rárá.

Ẹ ó rò pé wọ́n lé Àṣírù kúrò níbi iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà gbọ́ pé ọkùnrin kan wà lábẹ́ òun tó fi ẹnu lásán ta ọ̀bẹ tí kò gé nǹkan fún gbogbo alápatà Agége. Ó ronú sí i. Ìjọba sábà máa ń rán àlejò wá wo ilé iṣẹ́ nígbà náà, Ọlọ́runníyì ló sì ń mú wọn yíká, àwọn àlejò á sì máa yán. Ọ̀gá gba àkísà lọ́wọ́ Àṣírù, ó fún un ní táì. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń mú àlejò yíká. Ó gbọ́ àlàyé náà délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí Ọlọ́runníyì dúró tì í títí ó fi lè sọ ọ́ láìyẹ̀: irin á yọ́ bí omi, kúrómíọ̀mù àti máńganíìsì á di naitirojínì mú, ìtì igi kò ní lè yọ̀. Àwọn ọlọ́lá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bèèrè ohunkóhun.

Suara ni àwọn alápatà kò ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kó àgbẹ̀dẹ rẹ̀ lọ sí Dopemu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Èyí kò jẹ́ kí Àṣírù gbádùn. Bó bá ń jẹun, á rántí bí Suara ṣe yíjú padà láàárín èrò. Ó bẹ Sùlíyá pé kó bá òun lọ bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Ìbísọ́lá, ẹnu tó ta ọ̀bẹ kò tíì dí," Sùlíyá wí. "Ẹ fi bẹ̀ ẹ́."

Ó lọ. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó gún régé, tó ní òwe nínú. Nígbà tó dé Dopemu, tó rí Suara tó tẹ̀ lórí iná, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ká, gbogbo ọ̀rọ̀ náà fò lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí èédú níwájú àwọn oníbàárà, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

Suara lu ọkọ́ pípọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi tọ́. Ó ri í sínú omi. Lẹ́yìn náà ló tó wo ilẹ̀.

"Dìde," ó wí. "O dùbúlẹ̀ sórí èédú mi."